Pápá Ìṣeré Ọ̀nà Ayépé àti Ìbò Tí Wọ́n Jí

Ọdún tí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì lẹ́yìn àrùn kòrónà, tí àwa olùkọ́ ṣì ń fi aṣọ bo imú kọ́ wọn ní á, bí, dí, ọdún náà ni ìjà pápá ilé ìwé wa bẹ̀rẹ̀. Òjò tètè dé lọ́dún náà. Mo ti ń súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, orúnkún mi ti ń dùn mí, mo sì ti pinnu pé ìwọ̀nba tó kù nínú iṣẹ́ mi, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni màá fi ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ìtàn akọni. Ó ti rẹ̀ mí kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀, ó rẹ̀ mí nígbà tó parí, ó sì tún ń rẹ̀ mí báyìí tí mo ń rántí rẹ̀.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ní ọ̀nà Ayépé, níbi tí ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde ti ń tán lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ ṣì ń lọ síbẹ̀. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé mò ń kọ́ ọmọ àwọn tí mo ti kọ́. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, èmi ni wọ́n máa ń tì síwájú. "Ẹ jẹ́ kí Ìyá Rámótà lọ sọ ọ́." Rámótà ni orúkọ mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí a jà fún, ẹ ní láti mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Títì wà lókè, pápá wà láàárín, àwọn ilé kíláàsì sì wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti títì wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo omi títì ni yóò gba àárín pápá kọjá, yóò máa gbẹ́ ilẹ̀ pupa náà lọ, yóò sì wá rogún sí ìdí ògiri àwọn ọmọ kékeré. Ìpìlẹ̀ ilé náà ti yọ síta bí eyín arúgbó. Ìdí igi fúrúùtù bíi mélòó kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá nìkan ni ìbòòji wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ máa ń há mọ́ nígbà ìsinmi: àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, àti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí kò tíì mọ bí a ṣe ń yà fún ẹni tó ń sáré bọ̀. Géètì kan ṣoṣo tí a ní, ojú títì gan-an ló ṣí sí, níbi tí ọ̀kadà àti típà ti ń já wá láti ọ̀nà Ayépé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ṣe lu agogo ìpadàsílé, àwọn ọmọ tú jáde bí oyin. Sékínà, ọmọ kíláàsì mi, ló ṣíwájú. Géètì ló gbà, títì ló bọ́ sí, ọ̀kadà kan sì gbá a. Ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ sókè, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó ju bàtà rẹ̀ nù, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, a sì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́kadà náà kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, ó káwọ́ lérí, ó ń wí pé, "Mi ò rí i. Ẹnu géètì ló ti já lu ọ̀nà." Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ẹsẹ̀ ló kán. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́.

Ìyá Sékínà jẹ́ aránṣọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè ni, ṣùgbọ́n nígbà tó wá bá mi ní kíláàsì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Tíṣà, mi ò wá bá yín jà," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ta ló ní kí géètì wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé."

"Mo mọ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó bímọ?"

Ó wo àwọn ọmọ tó ń kọ ìṣirò, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bísọ́lá wá sọ́dọ̀ mi. Mo kọ́ Bísọ́lá nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọmọ tirẹ̀ ti wà ní ìwé kìíní lọ́dọ̀ wa. Ó ti lọ yunifásítì, ó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń ṣètò ilẹ̀ tó yí ilé ká: ibi tí igi yóò wà, ibi tí omi yóò gbà, ibi tí èèyàn yóò máa rìn gbà. Ó ti gbọ́ nípa Sékínà.

"Tíṣà mi, ẹ jẹ́ kí n wá wo pápá yẹn."

"Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Erùpẹ̀ lásán ni."

"Erùpẹ̀ náà ni mo fẹ́ wò, mà."

Ó wá lóòótọ́. Nígbà tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo wa sá wọlé, Bísọ́lá dúró sí àárín pápá tòun ti agbòjò, ó ń wo bí omi ṣe ń ṣàn. Nígbà tí òjò dá, ó bẹ̀ mí kí n yọ̀ǹda àwọn ọmọ fún òun. Mo rò pé ó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa mú òun lọ síbi tí oníkálukú wọn fẹ́ràn jù nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀, n kò mọ ibẹ̀ tó báyẹn. Àwọn kan mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Àwọn ọmọbìnrin kan mú un lọ sórí pèpéle kan tí àwọn ọmọkùnrin kì í dé. Ọmọ kékeré kan dúró tì wá, kò lọ síbì kankan. Bísọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, níbo ni tìẹ?"

Ọmọ náà ní, "Èmi ò níbì kankan. Wọ́n máa ń tì mí ṣubú."

Nígbà tí Bísọ́lá ya àwòrán rẹ̀ parí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé. Géètì kúrò lójú títì, ó lọ sí àdúgbò ẹ̀yìn tí ọkọ̀ kì í ti í sáré. Gọ́tà kan gba òkè pápá kọjá, kí ó lè gba omi títì sílẹ̀ kó tó wọlé, kí ó sì darí rẹ̀ lọ sí àkùrọ̀ ìsàlẹ̀. Koríko bo ilẹ̀ tí òjò ti gbẹ́. Igi wà ní apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí oòrùn ti máa ń wọ kíláàsì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì tún wà káàkiri, kí ìbòòji má bàa jẹ́ ti ẹnì kan. Àwọn ọmọ kékeré ní ìhà tiwọn tí ọgbà kúkúrú yí ká. Ebè ẹ̀fọ́ wà nítòsí kànga. Ilé ìyàgbẹ́ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun.

Ọ̀gá wa wò ó títí. Ó ní, "Ṣé ilé ìwé wa nìyí?"

Mo rántí pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n sọ èyí náà, kí ẹ má bàa rò pé ìṣẹ́ nìkan ni.

Ẹnì kan wà tí a gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá: alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ. Èèyàn tó lọ́yàyà ni, ó mọ orúkọ gbogbo èèyàn, kò sì sí ìpàdé òṣèlú ládùúgbò tí kò ní jókòó níwájú. A mú àwòrán náà lọ bá a. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ìròyìn ayọ̀ wà lọ́wọ́ mi tó ju èyí lọ. Àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ti gbà láti ṣe ilé ìwé wa lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì, wọ́n á sì fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ tó bá kù. Ilé ìwé á máa rí owó ṣọ́ọ̀bù gbà."

Mo bi í pé, "Pápá ńkọ́?"

"Tíṣà, ṣé ìwé lọmọ ń bọ̀ wá kà ni àbí eré ló ń bọ̀ wá sá?"

"Alága, ọmọ tí kò bá sáré kò ní lè jókòó."

"Ẹ wo erùpẹ̀ pupa lára aṣọ wọn lójoojúmọ́. Bí a bá fi ìńtálọ́ọ̀kì sí i, gbogbo rẹ̀ á mọ́ tónítóní."

Bísọ́lá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni omi máa gbà?"

"Omi wo?"

"Omi títì. Bí ilẹ̀ bá ti di símẹ́ǹtì, kò ní rí ibi wọ̀ lọ mọ́. Inú kíláàsì ló máa yà sí."

"Ọmọ mi, àwọn agbaṣẹ́ṣe mọ iṣẹ́ wọn." Ó ká àwòrán náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un bí ẹni tó ń bu ọlá fúnni. "Ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú àwọn òbí. Ohun tí wọ́n bá dìbò fún la máa ṣe."

Èmi ni mo sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn òbí. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Ìyá Sékínà ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ní láti sinmi lọ́nà nítorí tèmi, torí orúnkún mi. Kò sí ibi tí a dé tí wọn kò ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Sékínà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, mo sì rí i pé ọwọ́ ti jọ.

Owúrọ̀ Sátidé ni ìpàdé náà bọ́ sí, nínú kíláàsì tó tóbi jù. Wọ́n ti sọ fún gbogbo òbí pé agogo mẹ́wàá ni. Nígbà tí èmi dé ṣáájú àkókò náà láti to àga, mo bá ilé tó ti kún, alága sì ti ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo wo ọwọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló jókòó síbẹ̀ tí n kò rí rí nílé ìwé wa. Mo dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn, ọmọ ilé tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí kò tíì gbéyàwó rárá. Mo bá a lọ.

"Ta lọmọ rẹ níbí?"

"Ọmọ mi ṣì ń bọ̀ lọ́nà, Mọ́mì."

Gbogbo ọwọ́ ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín.

Mo yíjú sí alága, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò lọ́mọ níbí jáde."

Ó ní, "Tíṣà, ìpàdé la wá ṣe, a ò wá ṣèdájọ́ èèyàn." Ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ariwo títì má bàa dí wa lọ́wọ́.

Báyìí ni ó ṣe tètè béèrè ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè, àwọn òbí díẹ̀ nà án pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo òbí ló wà lẹ́yìn wa. Ó kà wọ́n. Kó tó kà tán ni àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí dé, ní àkókò tí wọ́n sọ fún wọn gan-an. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Sékínà níta tó ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tí alága béèrè ọwọ́ àwọn tó fẹ́ àwòrán Bísọ́lá, àwọn ìyá tó wà níta gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì ti ọwọ́ wọn bọ àárín irin fèrèsé wọlé. Mo rí wọn. Ọwọ́ tó ní òrùka, ọwọ́ tí iyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀, ọwọ́ tó gbé ọmọ tuntun dání lápá kejì. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan kún fún ọwọ́.

Alága ka àwọn tó wà nínú ilé. Ibẹ̀ ló parí kíkà sí.

Mo ní, "Ẹ ka ti ojú fèrèsé."

"Ọwọ́ tí kò sí nínú ilé, mi ò lè kà á, Tíṣà."

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn níta?"

"Òfin ìpàdé ni òfin ìpàdé." Ó sì kéde pé àwọn òbí ti fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo dìde. N kò pariwo. Mo ní, "Alága, ìbò lẹ jí yìí."

Ó wò mí, ó rín ẹ̀rín yẹn tó mọ̀ ọ́n rín. "Ẹ̀rí yín dà?"

Mo nawọ́ sí fèrèsé. Àwọn ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn pé ó ti parí.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ alága, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. N kò bínú sí i púpọ̀. Ó kù díẹ̀ kí òun náà fẹ̀yìn tì, ó sì ní àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga.

Mo gba ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa lọ, torí mo rò pé ohun tí ẹgbẹ́ wà fún nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀ nígbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ mi àtijọ́ ni. A ti jọ daṣẹ́ sílẹ̀ rí nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí wọ́n fi tajútajú lé wa káàkiri. Ó fún mi ní omi mu.

Ó ní, "Rámótà, owó oṣù olùkọ́ ni ẹgbẹ́ ń jà fún. A kì í jà fún koríko."

"Ibi iṣẹ́ wa ni. Omi ń wọ kíláàsì. Ọmọ kan ti kán lẹ́sẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ń buwọ́ lu owó oṣù wa. Ó kù díẹ̀ kí o fẹ̀yìn tì. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n."

Mo mu omi náà tán, mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí kò sẹ́ni kankan nílé ìwé, wọ́n gé gbogbo igi fúrúùtù. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ bá kùkùté. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn dúró yí wọn ká, àwọn kan gun orí wọn. Kí a tó ka àdúrà òwúrọ̀ tán, katapílà ti dé ẹnu géètì.

Ìyá Sékínà ló kọ́kọ́ wọ pápá. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí àárín pápá, ó gbé àga tì í, ó jókòó, ó sì ń rán aṣọ. Aṣọ ilé ìwé ni, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ẹlòmíì. Awakọ̀ katapílà náà pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó ń wò ó. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá mìíràn fi dé pẹ̀lú àpótí àti ẹní. Bísọ́lá kìlọ̀ fún wa gidigidi pé a kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ kankan síwájú katapílà. Mo fara mọ́ ọn. Àwa olùkọ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa: ẹni tí kò bá níṣẹ́ ní kíláàsì lásìkò náà, a máa lọ jókòó sí pápá.

Ọlọ́pàá wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Mo ní, "Ọmọ mi, orúnkún yìí kì í tètè gbọ́ràn. Bí mo bá jókòó báyìí, ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé iṣẹ́ ló wá ṣe. Wọn kò fọwọ́ kàn wá, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ìhalẹ̀ ni wọ́n bá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dé. Òjò ńlá. Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì pẹ̀lú wa, bàtà rẹ̀ ń dán. Omi títì ya wọ pápá, ó gba àárín ẹsẹ̀ katapílà, ó sì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bísọ́lá ń wo ọkùnrin náà bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan, tó ń gbé ìkejì. Níkẹyìn ọkùnrin náà ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" Bísọ́lá ní, "Ilẹ̀ ṣì ń mu díẹ̀ níbẹ̀ lónìí, sà. Ẹ fojú inú wò ó nígbà tí kò bá mu mọ́."

Mo fẹ́ kí n lè sọ fún yín pé ọjọ́ yẹn la ṣẹ́gun. Rárá o. Ohun tí ẹnì kankan kì í sọ fún ọ̀dọ́ nípa ìjà ni pé àárẹ̀ ló máa ń pa á, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọkọ ẹnì kan ní ta ló máa se oúnjẹ òun. Ibà mú ẹlòmíì nítorí òjò. Àwọn tó ń tajà kò lè fi ọjà sílẹ̀ títí. Lójoojúmọ́ ni ẹní ń dín kù lórí pápá. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Jímọ̀, tí mo ti mọ́sáláṣí dé, Ìyá Sékínà àti àwọn bíi mélòó kan ló kù, ẹ̀rọ ìránṣọ náà sì ti ń dógùn-ún.

Ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ pè wá sí ìpàdé àdéhùn. Wọ́n ní àwọn á dín ṣọ́ọ̀bù kù, kí ìdajì pápá lè ṣẹ́kù ní ilẹ̀ lásán. Wọ́n ní gọ́tà á wà. Ṣùgbọ́n géètì, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ dúró lójú títì, nítorí àwọn tó máa rajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé ti dìde. Àwa tó mọ̀ ọ́n, ẹnu yà wá.

"Apá mi yìí ni mo fi gbé ọmọ yẹn," ó ní. "Mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe ń dún. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe sí mi. Géètì yẹn kò ní dúró níbẹ̀."

Wọ́n gbà pé géètì á lọ sí ẹ̀yìn.

Nígbà tí a jáde, Ìyá Sékínà dá mi dúró. Ó bọ́ sí èdè Ìjẹ̀bú wa pọ́nńbélé, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé góńgó. Ó bi mí bóyá ìdajì la gbà lóòótọ́. Mo ní agbára wa kò ká gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Agbára tèmi ká a."

Títí dòní n kò mọ ẹni tó jàre nínú àwa méjèèjì. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, katapílà ì bá ti lọ. Nígbà mìíràn, mo máa rántí ìwọ̀nba ẹní tó kù, màá sì rò pé bí a bá dúró, géètì pàápàá kò ní bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Kí sáà ẹ̀kọ́ náà tó parí, wọ́n gbé mi lọ sí Ìbẹ̀fún. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ń jí ní kùtùkùtù, mo ń wọ ọkọ̀ lọ, mo ń wọ ọkọ̀ bọ̀, títí mo fi fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Àwọn ará Ìbẹ̀fún ṣe mí dáadáa, n kò lè ráhùn.

Ẹ bi mí pé kí la rí gbà. Géètì kúrò lójú títì, kò sì sí ọmọ mìíràn tí ọkọ̀ gbá níbẹ̀ láti ìgbà náà. Bí mo bá kú lọ́la, màá mú ìyẹn dání lọ. Bísọ́lá àti àwọn ìyá gbin igi sí ìdajì pápá tó kù. Ewúrẹ́ jẹ díẹ̀ nínú wọn, àwọn tó kù ti ń ṣe ìbòòji. Ìpìlẹ̀ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré kò yọ síta mọ́, torí àwọn òbí fúnra wọn kó òkúta sí i.

Ohun tí a pàdánù pọ̀. Ìdajì pápá ti di ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ta nínú ọ̀kan, ariwo rẹ̀ sì ń wọ kíláàsì. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà, ṣùgbọ́n wọn ò fi símẹ́ǹtì sí i, ọ̀rá omi mímu ti dí i pa. Bísọ́lá ti kó lọ sí òkè òkun. Sékínà ti wọ ilé ìwé girama, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fà díẹ̀ nígbà òtútù.

Gbèsè tó wà nílẹ̀ sì ni ti ìbò yẹn. Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì wọlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúbánjọ kì í ṣe alága mọ́. A pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ ò rí i pé gbogbo wa la jèrè rẹ̀?" Mo kí i, mo bi í nípa ara ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ilé ìwé náà níbi ayẹyẹ, wọ́n á ní àwọn òbí ló fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó tíì dìde ní gbangba láti sọ pé irọ́ ni. Ẹni tó bá fi irọ́ gba ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì mú un jẹ, á tún padà wá. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń wo pápá ilé ìwé kan lọ́nà Ìjágun báyìí.

Sáà tó kọjá yìí, mo yà sí ilé ìwé wa ọ̀nà Ayépé nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn ọmọ ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n ti pín ọjọ́ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń sáré lórí pápá, àwọn tó kù to ara wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò. Mo bi ọmọbìnrin kan tó fẹ̀yìn ti ògiri pé kí ló dé tí kò lọ ṣeré.

Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní, "Òní kọ́ ni ọjọ́ tiwa, mà."

Mo dúró tì í títí agogo fi dún. Ẹ̀yin tí orúnkún yín ṣì ń gbọ́ràn, ọ̀dọ̀ yín ni mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọ náà wá.